Sólfà Tí Mo Fi Etí Kọ

Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá

Orí kọ̀ǹpútà ni n ó ti máa kọ èyí láti òní lọ. Bí mo bá kọ ọ́ sínú ìwé, èmi fúnra mi kò ní lè kà á lọ́la. Dókítà ojú tí mo lọ rí l'Ádó kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: ojú ọ̀tún ti lọ, ti òsì ń tẹ̀lé e. Ó ní oògùn kíkán yóò dá a dúró díẹ̀. Mo bi í pé díẹ̀ yẹn tó báwo, ó ní kí n máa gbàdúrà. Ìgò oògùn tí kò tó àtàǹpàkò mi, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá náírà.

N kò sọ fún Bọ́lánlé. Ìyàwó mi ti wà n'Íbàdàn láti oṣù kẹta, ó lọ bá Motọ́lání ọmọ wa tọ́ ọmọ tuntun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló ní òun fẹ́ lò. Bí ó bá gbọ́ èyí, ọkọ̀ àárọ̀ ni yóò wọ̀ wá kó mi lọ bí ẹrù. Kí ni n ó máa ṣe n'Íbàdàn? Níbí, ọ̀gá akọrin ni mí. Ọdọọdún ni mo ń kọ orin tuntun fún ìsìn Kérésìmesì, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sólfà àti ọ̀rọ̀. Ọ̀gá akọrin tí kò bá lè kọ orin sílẹ̀ mọ́, wọn a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn a gbé àga fún un níwájú, ó parí. Bí wọ́n bá gba ìyẹn lọ́wọ́ mi, n kò mọ ohun tó tún kù fún mi n'Íkẹ́rẹ́.

Ìsìn náà di 15 Oṣù Kejìlá. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni kí n tún kọ̀ǹpútà yìí tò kí ó lè bá ẹni tí kò ríran ṣiṣẹ́, kí ojú kan tó kù yìí tó lọ.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kẹwàá

Mo sọ ojú kọ̀ǹpútà di dúdú, mo sọ lẹ́tà di funfun, mo sì fẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ márùn-ún fi ń kún ìlà kan. Àwọn àwòrán wẹ́wẹ́ tó kún ojú rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń ṣe tíṣà, ìbéèrè ìdánwò ọdún gbọọrọ, fọ́tò ìgbéyàwó àwọn tí n kò mọ̀ mọ́, mo kó gbogbo wọn dànù. Mẹ́ta péré ló kù. Orin wà ní igun òkè, ìwé yìí wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́tà orí íńtánẹ́ẹ̀tì wà ní igun kejì. Bí ìyá mi ṣe ń to ìdí àdògán rẹ̀ náà nìyẹn, kí ó lè na ọwọ́ sí iyọ̀ láìwò ó.

Àìkú, 13 Oṣù Kẹwàá

Ìgbáradì lẹ́yìn ìsìn. Orin àtijọ́ la kọ, èyí tí mo mọ̀ lórí, kò sẹ́ni tó fura. Lọ́lá tó ṣáájú áltò, ohùn kejì àwọn obìnrin, bi mí pé ìgbà wo lorin tuntun ń bọ̀. Mo ní ó wà lọ́nà. Òjò àrọ̀kúrò ká mi mọ́ ojú ọ̀nà Àfàò, ẹrẹ̀ ibẹ̀ kò mọ̀ pé olórin lòun ń yọ̀ lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Kẹwàá

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn fún mi ní nọ́ńbà ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dàpọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni l'Ádó, kò sì ríran láti kékeré. Mo pè é, mo ṣàlàyé ara mi pẹ̀lú ìtìjú. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ sílùú wa. Iná kì í lọ níbẹ̀." Òun ló sọ ohun tí mo máa fà wá láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì: ohùn kan tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà, tó ń ka gbogbo ohun tó wà lójú rẹ̀ síni létí. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ dátà tí mo fi fà á kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ohùn ọkùnrin òyìnbó ni. Mo ní kí ó ka ọjọ́ kan nínú ìwé yìí fún mi. Ọlọ́run ló mọ ohun tó kà. Ó gbé gbogbo àmì jù sílẹ̀, ó ń pe Yorùbá bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí tí mo fi di àyà mú. Ìgbà tí mo dákẹ́ ni mo wá gbọ́ bí ilé ṣe dákẹ́ tó. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀ yìí láìṣe lórí fóònù.

Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Kẹwàá

Mo ti rí i!

Ohùn yìí kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n sólfà kì í ṣe Yorùbá, kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́tà lásán ni. Mo tẹ d, r, m, s sílẹ̀, ó kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, kedere. Ó ní ibì kan nínú rẹ̀ tí èèyàn ti lè kọ́ ọ bí yóò ṣe máa pe nǹkan. Mo kọ́ ọ kí ó pe d ní dò, kí ó pe s ní sò. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ọkùnrin òyìnbó ti ń ka sólfà fún mi bí ọmọ kíláàsì kejì. Ó kà á, mo kọ ọ́ lórin tẹ̀lé e.

Mo tún yan bọ́tìnì fún iṣẹ́ tó ń dá mi dúró jù. Ọ̀kan ń fa ìlà tó pín orin níyà, ọ̀kan ń fi àmì sí ibi tí ìlù ń bọ́ sí. Méjì wà ní apá ọ̀tún, ọ̀kan fún àmì kékeré tó ń gbé dò lọ sókè, ọ̀kan fún èyí tó ń gbé sò wá sísàlẹ̀. Mo po àtíkè mọ́ gọ́ọ̀mù, mo fi ṣe kókó sórí bọ́tìnì wọ̀nyí kí ìka mi lè mọ̀ wọ́n. Inú mi dùn lónìí. Ó wù mí kí n rí ẹni sọ ọ́ fún.

Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Kẹwàá

Kò sí iná láti Ọjọ́rú. Epo ti kọjá ẹgbẹ̀rún náírà fún lítà kan. Sólà kékeré tí mo ní kò lè gbé kọ̀ǹpútà kọjá wákàtí mélòó kan, òjò kò sì jẹ́ kí oòrùn yọ. Mo jókòó, mo ń kọ ténọ̀ sí ọkàn.

Àìkú, 3 Oṣù Kọkànlá

Bọ́lánlé pè mí lórí fídíò. Ó gbé ọmọ síwájú fóònù pé kí n wò ó bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Mo rí ohun kan tó funfun tó ń mì. Mo ní, "Ó ti jọ ìyá rẹ̀ jù." Ó ní, "Bàbá Motọ́, kí ló dé tẹ́ ẹ ń wo ibòmíràn?" Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Wọn ò sọ ohun tí à á ṣe tí ojú bá kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn tó gbé fóònù sílẹ̀, mo ṣì di tèmi mú fún ìgbà díẹ̀.

Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kọkànlá

Mo parí orin náà. Ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. "Ọmọdé kan wọ ilé wa, kò kan ilẹ̀kùn" ni àkọlé rẹ̀. Mo ní kí ohùn náà kà á látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ibi tó tàsé. Mo fi ránṣẹ́ sí Favour tó ń tẹ̀wé lẹ́bàá yunifásítì, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì fi ọlọ́kadà gbé e wá kí ilẹ̀ tó ṣú. Bébà náà gbóná ní ọwọ́ mi. Mo gbé e sójú òsì, mo rí dúdú lára funfun. Ìyẹn tó.

Àìkú, 10 Oṣù Kọkànlá

Ojú tì mí lónìí.

Mo pín bébà, mo fún wọn ní dò, mo gbé ọwọ́ sókè. Àwọn trẹ́bù, àwọn obìnrin olóhùn tínrín, tó yẹ kí wọ́n gun dò òkè níbi "wọ ilé wa" já bọ́ sínú kòtò. Àwọn obìnrin ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Mo dá wọn dúró, mo ní kí wọ́n ka ohun tó wà níwájú wọn. Wọ́n tún kọ ọ́, wọ́n tún já bọ́. Olúṣẹ́gun tó ṣáájú báàsì ní, "Ọ̀gá, ṣé trẹ́bù ti wá di ọkọ láàárín wa ni?" Gbogbo ilé ìjọsìn bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá, àmì ìsàlẹ̀ ló wà lára gbogbo dò òkè. Gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹ ò rí i ni?"

Ó yẹ kí n sọ òótọ́ níbẹ̀. Mo ní Favour ló tẹ̀ ẹ́ báyẹn, pé ẹ̀rọ rẹ̀ ló dà á rú. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó mọ̀. A kọ orin àtijọ́, a lọ ilé.

Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kọkànlá

Mo pe Dàpọ̀. Ó bi mí pé, "Ṣé ẹ sọ fún un kó máa ka àwọn àmì wẹ́wẹ́?" N kò mọ̀ pé èèyàn ní láti sọ fún un. Ohùn yẹn kì í ka àmì wẹ́wẹ́ àfi tí a bá pàṣẹ fún un, ó gbà pé wọ́n ń dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni. Mo wá yẹ àwọn bọ́tìnì mi wò: méjèèjì apá ọ̀tún, àmì kan náà ni mo fún wọn, ti ìsàlẹ̀. Gbogbo dò tí mo gbé sókè, ìsàlẹ̀ ni mo ń jù ú sí, ohùn náà kò sì sọ nǹkan kan. Tíṣà ìṣirò ni mo fi ọgbọ̀n ọdún ṣe, ẹ jọ̀ọ́.

Dàpọ̀ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Ó ní, "Ta ló ń bá yín wò ó kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́?" Mo ní kò sí ẹnì kankan. Ó ní, "Èmi tí mo ti wà nílùú yìí látọjọ́ tó ti pẹ́, mo ṣì ní ẹni tó ń bá mi wò ó."

Mo pàṣẹ kí ó máa ka gbogbo àmì. Ariwo rẹ̀ pọ̀ ju ti ọjà lọ. Mo tún kọ́ ọ: àmì ti òkè, kí ó pè é ní òkè, ti ìsàlẹ̀, kí ó pè é ní ìsàlẹ̀, àwọn yòókù, kí ó fò wọ́n. Ní báyìí, ó ń sọ pé, "Sò. Là. Tì. Dò, òkè." Ahọ́n rẹ̀ kò tọ́, ṣùgbọ́n ó ń sọ òótọ́, ó sàn jù mí lọ.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kọkànlá

Ohùn náà ń ka báàsì lọ lọ́sàn-án, òùngbẹ gbẹ mí. Mo dìde, mo gba àárín pálọ̀ kọjá lọ bu omi, mo sì ń kọ báàsì náà lábẹ́nu. Mo bu omi, mo gba ibẹ̀ padà. Mo ti fẹ́ jókòó kí n tó gbọ́, "Ọ̀gá."

Ife bọ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́lá ni. Ó ti kan ilẹ̀kùn, ó ti wọlé, ó ti kí mi, ariwo kọ̀ǹpútà kò jẹ́ kí n gbọ́. Ó dúró láàárín pálọ̀ látìgbà tí mo ti dìde. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo gbà lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo gbà bọ̀.

Bí inú bá ń bí Lọ́lá, ahọ́n Ìkẹ́rẹ́ ló ń lò. Ó ní, "Ulé Favour ni mo ti ń bọ̀. Mo bú ọmọ ọlọ́mọ lójú àwọn tó wá tẹ̀wé, torí uṣẹ́ tí kò bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ṣí i hàn mí. Bẹ́ ẹ ṣe fi ránṣẹ́ ló ṣe tẹ̀ ẹ́." Ó tún ní, "Láti ìgbà wo lẹ è ti ríran mọ́?"

Mo ní, "Mo ń ríran díẹ̀."

"Ṣé ẹ rí mi kẹ́ ẹ tó kọjá lára mi yẹn?"

Ó lọ mú aṣọ, ó nu omi ilẹ̀, ó ṣa àfọ́kù ife. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má sọ fún ẹgbẹ́, kí ó má sọ fún àlùfáà, kí ó má pe Bọ́lánlé. Mo ní wọn yóò kó mi lọ, wọn yóò sì gba orin lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Ẹnu mi kọ́ ni wọ́n ó ti gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ lọ bẹ Favour ná."

Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kọkànlá

Mo lọ bẹ Favour. Mo fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà lọ síbẹ̀, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ọmọ náà kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Dádì, ẹ jókòó, ẹ ti làágùn." Ó ní kí n máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́, òun yóò máa pè mí kí òun tó tẹ̀ ẹ́, òun yóò sì máa ka àmì rẹ̀ sí mi létí. Kò mọ sólfà rárá, ó ní òun yóò ka ohun tí òun bá rí. Mo sunkún díẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé mi bọ̀. Ẹni tó wà á rò pé òkú ni mo ní.

Àìkú, 24 Oṣù Kọkànlá

Bébà tuntun. Trẹ́bù gun òkè, wọ́n dúró síbẹ̀. Olúṣẹ́gun ní, "Hẹ̀ẹ́n, ìyàwó wa ti padà." Lọ́lá ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan bí gbogbo wọn bá ti dìde tán, kí n lè mọ̀. Kò sẹ́ni tó bi í pé irú ikọ́ wo nìyẹn.

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kejìlá

Ọyẹ́ ti dé. Òkè Olósùnta ti wọnú èéfín, wọ́n ní. Èmi kò lè sọ èyí tó jẹ́ ọyẹ́ àti èyí tó jẹ́ ojú mi. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló ń kún ojú kọ̀ǹpútà báyìí, n kò sì mọ̀ ọ́n mọ́. Oògùn ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún.

Àìkú, 8 Oṣù Kejìlá

Bọ́lánlé ní òun kò ní lè wá fún ìsìn náà, ara ọmọ ń gbóná. Mo ní kò sí wàhálà. Ara tù mí, ó sì dùn mí, nígbà kan náà.

Àìkú, 15 Oṣù Kejìlá

Ó ti parí.

Iná kún ilé ìjọsìn, mo mọ ìyẹn nítorí pé òkùnkùn mi pọ́n díẹ̀. Mo ka ìgbésẹ̀ gun orí pèpéle akọrin, mo dúró. Lọ́lá wúkọ́. Mo gbé ọwọ́ sókè síwájú èèyàn tí n kò rí ìkankan nínú wọn, wọ́n sì wọlé papọ̀, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ní jẹ́ẹ́. Mo mọ ibi tí olúkúlùkù dúró sí nípa bó ṣe ń mí. Níbi dò òkè, mo na ọwọ́, wọ́n gun ún lọ, kò sẹ́ni tó já bọ́. Àwọn ará ìjọ kò pàtẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ń sọ pé "Jésù" lábẹ́nu.

Lẹ́yìn náà, gbogbo ènìyàn ń ya fọ́tò pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ, ọmọ ọmọ. Wọ́n pè mí sí ọ̀kan, mo kọjú sí ibi tí mo gbọ́ ohùn. Ẹnì kan yí mi padà pẹ̀lẹ́. Wọ́n di ìrẹsì fún mi, mo jẹ ẹ́ nílé ní èmi nìkan, ó ti tutù.

Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kejìlá

Mo lọ sọ fún àlùfáà lánàá kó tó di pé ẹlòmíràn sọ fún un. Lọ́lá ni yóò máa darí láti oṣù kìíní. Èmi yóò máa kọ orin. Àlùfáà ló dá a, kì í ṣe pé mo bẹ̀ ẹ́. Mo ti rò pé yóò dùn mí ju báyìí lọ.

Mo wá pe Bọ́lánlé. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, dókítà, fídíò ọjọ́ yẹn, gbogbo rẹ̀. Mo ń gbọ́ ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ ọmọdé lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní kí ó má wá kó mi, pé mo ti tún gbogbo nǹkan tò. Mo ṣàlàyé bọ́tìnì, mo ṣàlàyé ohùn, pé mo mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà nínú kọ̀ǹpútà àti nínú ilé, pé n kò nílò kí ẹnikẹ́ni dààmú.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Bàbá Motọ́, ẹ ti wá àyè fún gbogbo nǹkan. Ibo lẹ wá fi èmi sí?"

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Mo pè é padà, kò gbé e.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kejìlá

Mo yọ wáyà ojú kọ̀ǹpútà, mo gbé e sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò wúlò fún mi mọ́, ó sì ń jẹ iná. Bátìrì sólà wá ń pẹ́ sí i gan-an.

Bọ́lánlé kò tíì gbé fóònù mi.

Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kejìlá

Ní ìrọ̀lẹ́, mo ń yẹ áltò orin Ọdún Tuntun wò. Ohùn náà ń kà á lọ. "Sò. Sò. Là. Sò. Mì." Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kọ ọ́ lórin lẹ́yìn mi, ní jẹ́ẹ́, bó ti ń jáde lẹ́nu òyìnbó náà gẹ́lẹ́. Kì í ṣe Lọ́lá. Áltò tí mo fẹ́ níyàwó ni.

Ó gbé báàgì sílẹ̀. Ó wúwo. N kò bi í bóyá ó wá kó mi ni, àbí ó wá jókòó. N kò yíjú padà, nítorí kò sí ohun tí n ó fi rí i. Mo tẹ bọ́tìnì tó ń dá ohùn náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, kí ó lè tún un kà.